Bí ọkọ̀-ilé bá ń fì lóru: ohun tí ẹ ó ṣe kí ẹ tó ronú àtira jáàkì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo ra ọkọ̀-ilé àlòkù kan, ó gùn tó mítà mẹ́fà àti ààbọ̀. Èmi, ìyàwó mi àti ọmọ méjì la jọ ń rìnrìn àjò nínú rẹ̀, ibi tí ilẹ̀ bá ṣú wa sí la sì máa ń sùn. Ibẹ̀ kì í sábà tẹ́jú. Bí a bá jí láàárọ̀, orí á máa fọ́ mi, omi ìwẹ̀ á ti dá rogún sí igun balùwẹ̀, fíríìjì wa tó ń lo gáàsì á sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Òkúta ni mo máa ń kì bọ abẹ́ táyà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ ra jáàkì háídírọ́líìkì tó máa ń gbé ọkọ̀ dúró fúnra rẹ̀. Ẹlòmíì ní oorun alẹ́ kan ṣoṣo kò tó ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ da ara láàmú. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrìnàjò, ẹ sì kú aájò ìdílé. Kí ẹ má gbọ́ ti ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì. Alẹ́ kan ṣoṣo tó láti ṣe fíríìjì ní jàǹbá, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí tó nǹkan. Ṣùgbọ́n jáàkì háídírọ́líìkì kọ́ ló kàn. Ráńpù méjì (ohun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí táyà ń gùn kí apá tó relẹ̀ lè ga), pákó díẹ̀, lẹ́fẹ́ẹ̀lì kékeré (ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá nǹkan dọ́gba), àti kí ẹ fara balẹ̀ wo ilẹ̀ kí ẹ tó pa ẹ́ńjìnnì: ìwọ̀nyí ló ń yanjú èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà náà. Ìdí sítíárìn ni wọ́n ti ń mú ọkọ̀ dọ́gba. Ohun tí ẹ bá tẹ́ sábẹ́ táyà lẹ́yìn ìyẹn, àtúnṣe ni.

Orí fíríìjì ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ni àìtẹ́jú ilẹ̀ ń pa láìfọhùn. Fíríìjì tó ń lo gáàsì kò ní mọ́tò kankan tó ń ti nǹkan kiri nínú rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì ará Sweden, Baltzar von Platen àti Carl Munters, ló gbé irú rẹ̀ jáde ní 1922, ọgbọ́n wọn náà la ṣì ń lò títí di òní. Iná kékeré kan ń jó nídìí páìpù tí omi àti amóníà wà nínú rẹ̀. Amóníà á hó kúrò nínú omi, á gòkè, á tutù di olómi, á wá ṣàn wọ ibi tí háídírójìn wà. Ibẹ̀ ni yóò ti tún gbẹ di afẹ́fẹ́, bó sì ṣe ń gbẹ ló ń fa ooru inú fíríìjì lọ. Lẹ́yìn èyí, omi á tún fà á mu, àwọn méjèèjì á jọ ṣàn padà sídìí iná. Nínú gbogbo àlọ àti àbọ̀ yìí, ohun kan ṣoṣo tó ń mú olómi náà ṣàn padà ni pé ibi gíga ló ti ń bọ̀ wá sí ibi tó relẹ̀.

Bí ọkọ̀ bá wá fì jù, ibi tó yẹ kí olómi gbà kọjá á di ibi tó ń dá rogún sí. Iná kò mọ̀, á ṣáà máa jó lọ. Páìpù orí iná á gbẹ, á gbóná kọjá ààlà, èròjà tí wọ́n pò mọ́ omi náà kí irin má bàa dípẹtà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dì mọ́ inú páìpù. Kò sí ẹni tó lè fọ̀ ọ́ kúrò. Èyí tó dì lálẹ́ òní kò ní yọ́ bí ẹ bá gbé ọkọ̀ dúró dáadáa lọ́la, èyí tó bá tún dì nígbà mìíì á lé lórí rẹ̀, títí ọ̀nà á fi dí pátápátá. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń tún un ṣe fi máa ń gbọ́ pé "ó ṣáà ń ṣiṣẹ́ títí di àná". Ó ti pẹ́ tó ti ń kú lọ. Lójú ọ̀nà, ọkọ̀ ń mì sọ́tùn-ún sósì, ń gòkè ń sọ̀, olómi kì í ráyè dúró sójú kan, kò sì fi bẹ́ẹ̀ séwu. Ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró gbagidi tó sì fì ni ewu dé.

Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ irú fíríìjì bẹ́ẹ̀ lè fara dà ni nǹkan bí 3° sí ọ̀tún tàbí òsì, àti 6° síwájú tàbí sẹ́yìn. Ẹ wo ìwé tó bá tiyín wá, torí wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣì í kà nìyí o: ọ̀tún àti òsì fíríìjì ni ìwé náà ń wí, kì í ṣe ti ọkọ̀. Ẹ dúró níwájú fíríìjì kí ẹ kọjú sí ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri ọkọ̀, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì kọjú sí ọ̀nà àárín, bí wọ́n ṣe máa ń gbé e sínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀-ilé, a jẹ́ pé iwájú ọkọ̀ àti ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ọ̀tún àti òsì fíríìjì. Èyí túmọ̀ sí pé 3° tí kò gba gbẹ̀rẹ́ yẹn, gígùn ọkọ̀ ló ń bá wí, 6° ló sì wà fún ìbú rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà lò ó.

Bí ilẹ̀ bá kọ̀ jálẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, tí ẹ ò rí i ṣe, ẹ pa fíríìjì. Ẹ má ṣí i títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ohun tó ti tutù tẹ́lẹ̀ á gbìyànjú dé òwúrọ̀, ó sì sàn ju kí ẹ jẹ́ kí iná máa sun páìpù gbígbẹ. Bí tiyín bá jẹ́ èyí tó ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó ń lo bátìrì ni, ọkàn yín ì bá balẹ̀ jù báyìí lọ, torí ìyẹn kò ka fífì díẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n gáàsì lẹ ní tiyín ń lò.

Ti orí tó ń fọ́ yín kò ṣòro. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibi tí ẹ ń gbé orí sí ló relẹ̀ ju ibi tí ẹsẹ̀ yín wà. Bí ọkọ̀ bá máa fì díẹ̀ náà, kí ó fì sí apá ẹsẹ̀. Bí kò bá sì ṣeé ṣe, ẹ gbé ìrọ̀rí lọ sí òdìkejì bẹ́ẹ̀dì kí ẹ sì sùn. Ó ya mí lẹ́nu bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe máa ń jìyà títí ilẹ̀ á fi mọ́ láìronú kan èyí.

Ti omi balùwẹ̀, ẹ wo ibi tí ihò ìṣànomi wà. Àwọn kan ní ihò méjì, àwọn mìíì ní ẹyọ kan ní igun. Bí tiyín bá jẹ́ ẹyọ kan, kí ọkọ̀ fì díẹ̀ sí apá ibẹ̀ dára ju kí ó dọ́gba géérégé lọ. Ohun tó ń fi iye omi inú táǹkì hàn náà máa ń parọ́ bí ọkọ̀ bá fì, nítorí náà ẹ má gbà á gbọ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Wàyí o, báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó fì, àti iye tó fi fì? Ojú kò tó. Ilẹ̀ tó dà bí ẹni pé ó tẹ́jú máa ń tan ojú jẹ, pàápàá lálẹ́. Ẹ ra lẹ́fẹ́ẹ̀lì olómi, irú èyí tí àwọn bíríkìlà ń lò ṣùgbọ́n kí ó kéré, méjì. Ní ọjọ́ kan tí ẹ bá ráyè, ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi tó tẹ́jú dáadáa. Ẹ gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì sórí ilẹ̀ inú fíríìjì, lórí ojú gbalasa ibẹ̀, kì í ṣe lórí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń to nǹkan sí. Ẹ kọ́kọ́ gbé e ní ìbú, lẹ́yìn náà ní gígùn, kí ẹ máa fi pákó pẹlẹbẹ tún táyà ṣe títí ẹyin afẹ́fẹ́ inú omi náà á fi dúró sáàárín lọ́nà méjèèjì. Ìgbà yìí ni kí ẹ wá lẹ àwọn lẹ́fẹ́ẹ̀lì méjèèjì mọ́ iwájú ibi tí ẹ ń jókòó wakọ̀ sí, ọ̀kan ní ìbú, èkejì ní gígùn. Bí ibi tí ẹ fẹ́ lẹ̀ wọ́n mọ́ kò bá dọ́gba, ẹ fi nǹkan ki abẹ́ wọn títí ẹyin afẹ́fẹ́ tiwọn náà á fi wá sáàárín. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹ ò ní dìde nídìí sítíárìn kí ẹ tó mọ bí fíríìjì ṣe wà. Áàpù orí fóònù náà ń ṣe é o, àmọ́ kámẹ́rà tó yọ lẹ́yìn fóònù máa ń gbé e fì. Ẹ gbé e lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó tọ́ dípò ẹ̀yìn.

Ohun tó kàn ni kí ẹ lè sọ fífì di sẹ̀ǹtímítà, torí sẹ̀ǹtímítà ni ráńpù mọ̀. Lórí mítà kan, 1° jẹ́ nǹkan bí 1.75 cm. Bí táyà ọ̀tún bá jìnnà sí ti òsì ní mítà 1.8, 1° á jẹ́ bí 3 cm. Bí táyà iwájú bá jìnnà sí ti ẹ̀yìn ní mítà 3.8, 1° á ju 6.5 cm lọ díẹ̀. Ẹ fi tépù wọn tiyín, kí ẹ kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ráńpù sí i. Èyí tó ní ìpele mẹ́ta tí wọ́n fi rọ́bà líle ṣe, ìpele òkè rẹ̀ sábà máa ń ga tó 10 sí 12 cm. Ẹ gbé méjì sábẹ́ táyà iwájú, kí ẹ gun 12 cm: gbogbo ohun tí ẹ rí tún ṣe ní gígùn ọkọ̀ kò tó 2°. Ẹ gbé méjì kan náà sábẹ́ táyà iwájú àti táyà ẹ̀yìn ní apá kan, kí ẹ gun 12 cm yẹn kan náà: ẹ ti tún nǹkan bí 3.8° ṣe ní ìbú. Ráńpù kan náà, gíga kan náà, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ rántí pé gígùn yẹn ni fíríìjì kò gba gbẹ̀rẹ́ fún.

Fún ìdí yìí, bí ilẹ̀ bá dà sí ọ̀nà kan tó sì dà púpọ̀, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ dábùú rẹ̀. Ẹ má dojú ọkọ̀ kọ òkè, ẹ má dojú rẹ̀ kọ ìsàlẹ̀; ẹ jẹ́ kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà gba abẹ́ ọkọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Gígùn ọkọ̀ á dọ́gba láìṣe wàhálà, ìbú ló kù tí ẹ ó fi ráńpù méjì tún ṣe. Ọkọ̀ kò sì ní ibi tó fẹ́ yí lọ bí bíréèkì ọwọ́ bá tilẹ̀ ṣe àléébù. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń dojú kọ òkè, torí ó rọrùn láti wọlé bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa wá pákó kiri lókùnkùn. Ẹ kàn rí i dájú pé ilẹ̀kùn tí ẹ ń gbà wọlé wà ní apá òkè, kí àwọn ọmọ má bàa máa fò já sínú ihò.

Kí ẹ tó dé ibi ráńpù rárá, ẹ bọ́ sílẹ̀ kí ẹ rìn yí ibẹ̀ ká. Níbi tí òjò bá ti rọ̀, ibi tí omi dúró sí á sọ fún yín ibi tó relẹ̀. Ibi tí erùpẹ̀ ti ya lulẹ̀ bí ojú omi á fi ìhà tó ń ṣàn sí hàn yín. Lẹ́yìn náà ẹ wọ ọkọ̀, ẹ rọra máa wà á níwájú níwájú kí ẹ máa wo ẹyin afẹ́fẹ́ inú lẹ́fẹ́ẹ̀lì. Ó wọ́pọ̀ gan-an pé mítà kan sí iwájú, tàbí ààbọ̀ mítà sẹ́yìn, ló yà yín sọ́tọ̀ kúrò lọ́wọ́ gbogbo iṣẹ́ ráńpù. Bí ẹ bá yí orí ọkọ̀ padà, ìyẹn kò ní sọ ilẹ̀ di títẹ́jú, ṣùgbọ́n ó lè sọ ibi tó relẹ̀ di apá ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tàbí apá ihò balùwẹ̀. Ìyẹn nìkan tó láti gba èèyàn sílẹ̀ fún alẹ́ kan.

Bí ẹ bá ti yan ibẹ̀ tán tí ó sì ku díẹ̀, ẹ ṣírò táyà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ká sọ pé apá òsì relẹ̀ ní 4 cm, iwájú náà sì relẹ̀ ní 6 cm. Táyà ẹ̀yìn lọ́tùn-ún ló ga jù, òun kò nílò nǹkan kan. Táyà ẹ̀yìn lósì á gba 4. Táyà iwájú lọ́tùn-ún á gba 6. Táyà iwájú lósì jẹ gbèsè apá méjèèjì, òun á gba 10. Bí ráńpù méjì péré lẹ ní, ẹ fi wọ́n sí iwájú ní 10 àti 6, kí ẹ fojú fo ẹ̀yìn. Sípíríǹgì ọkọ̀ á pín in láàárín ara wọn, ohun tó bá kù ní ìbú á jẹ́ bí 2 cm, ìyẹn kò tó 1°. Ohun tí n kò fẹ́ kí ẹ ṣe ni kí ẹ gbé táyà kan ṣoṣo sókè fíofío kí ẹ fi mẹ́ta yòókù sílẹ̀. Ara ọkọ̀ á lọ́, ilẹ̀kùn á bẹ̀rẹ̀ sí í há, ohun tí ẹ ń wá náà lẹ ò sì ní rí.

Gígun ráńpù fúnra rẹ̀ lọ́gbọ́n. Kí ẹ gbé e tọ́ sí iwájú táyà, kí ó kan rọ́bà, kí àárín rẹ̀ bá àárín táyà mu. Ẹnì kan á dúró síta ní ẹ̀gbẹ́, níbi tí ẹ ti lè rí i nínú díńgí, kò gbọ́dọ̀ dúró síwájú tàbí sẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ lo jíà kìíní. Ẹ máa gbọ́ tí ráńpù á ké díẹ̀ bó ṣe ń jẹ ilẹ̀. Orí ọkọ̀ á gbéra. Bí táyà bá wá bọ́ sínú kòtò pẹlẹbẹ tó wà lórí ìpele, ọkọ̀ á mì lẹ́ẹ̀kan, á sì dákẹ́. Ibẹ̀ ni kí ẹ tẹ bíréèkì. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ tó ní kílọ́ọ̀ṣì, ẹ má fi kílọ́ọ̀ṣì dá a dúró sáàárín ráńpù nígbà tí ẹ̀ ń bá ẹni ìta jiyàn. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn bí ohun tó ń jóná, kílọ́ọ̀ṣì ni. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tún gbìyànjú.

Tí táyà iwájú bá jẹ́ èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí, tí koríko sì tutù, ẹ lè tẹ iná títí kí ráńpù fò sẹ́yìn dípò kí ọkọ̀ gòkè. Ẹ tẹ́ rọ́bà tàbí àpò líle sábẹ́ ẹnu ráńpù. Tàbí, tí ó bá ṣeé ṣe, ẹ wá ibi tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ló relẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀yìn gun ráńpù. Táyà iwájú á wà lórí ilẹ̀ pẹlẹbẹ, á sì rí ẹsẹ̀ fi tì í.

Nígbà tí ẹ bá dé òkè, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi jíà sí i, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ ti wẹ́ẹ̀jì mọ́ táyà tí kò sí lórí ráńpù. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ̀ ba kí ẹ wo táyà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ìbú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó sórí ráńpù. Bí etí rẹ̀ kan bá yọ síta láìní ohun tó gbé e dúró, àwọn okùn tó wà nínú rọ́bà ló ń ru ìyà náà, ojú kì í sì í rí i. Bí ọkọ̀ bá ní táyà méjì méjì lẹ́yìn, méjèèjì ló gbọ́dọ̀ wà lórí nǹkan. Pákó tó gba ẹyọ kan nínú wọn ti sọ gbogbo ẹrù apá yẹn di ti táyà kan ṣoṣo.

Pákó dára bí ó bá fẹ̀ ju táyà lọ tó sì gùn dáadáa. Ẹ gé wọn ní gígùn mẹ́ta tó yàtọ̀ síra, èyí tó gùn jù ní ìsàlẹ̀, kí ẹ́ lè gùn ún bí àtẹ̀gùn. Fún ohun tí kò ju 4 tàbí 5 cm lọ, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ráńpù lọ, torí ojú rẹ̀ tẹ́jú, kì í sì í rì nínú ilẹ̀ rírọ̀.

Òkúta ni kí ẹ fi sílẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ló máa ń gún táyà ní gbogbo òru, ó sì lè yí kúrò nígbà tí ẹnì kan nínú ilé bá dìde lọ tọ̀. Búlọ́ọ̀kù oníhò burú jù ú lọ: kì í rọra tẹ̀, ṣe ló máa ń fọ́ lójijì. Àwọn kan máa ń tú afẹ́fẹ́ táyà apá tó ga sílẹ̀. Gíga tí ẹ ó jèrè kò tó nǹkan, táyà lẹ sì ń bà jẹ́. Ti gbígbẹ́ ilẹ̀, lórí iyanrìn ó ń ṣiṣẹ́, tí ẹ bá gbẹ́ abẹ́ táyà tó ga díẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ronú bí ẹ ó ṣe jáde láàárọ̀, kí ẹ sì dí i padà.

Bóyá ọkọ̀ yín ní ẹsẹ̀ irin mẹ́rin tàbí méjì tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí sọ̀ kalẹ̀ ní igun rẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn kò lágbára àtigbé ọkọ̀. Kí ọkọ̀ má bàa máa mì bí ọmọ bá ń yí lórí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ṣe fi wọ́n sí i. Bí ráńpù bá ti parí iṣẹ́ rẹ̀, ẹ sọ wọ́n kalẹ̀ títí wọ́n á fi kan ilẹ̀ dáadáa, kí ẹ fi ìdajì yíyí kan lé e, ó tán. Ẹni tó bá fi wọ́n gbé ọkọ̀ sókè á tẹ̀ wọ́n, tàbí kó fa ibi tí wọ́n fi bóòtù dè wọ́n mọ́ ya.

Jáàkì háídírọ́líìkì tí ọ̀rẹ́ yín wí, irú èyí tó lè gbé ọkọ̀ ni òun. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rọ á ka ìwọ̀n fúnra rẹ̀, ọkọ̀ á sì dọ́gba kí ẹ tó bọ́ bàtà. N kò ní sọ pé kò dára. Fún ọkọ̀ ńlá, fún ẹni tí eegun ń dùn, fún ẹni tó ń sún kúrò láti ibì kan sí ibòmíràn lójoojúmọ́, ó yẹ fún un. Ṣùgbọ́n ó wúwo, ìwúwo rẹ̀ yẹn á sì máa gbé inú ọkọ̀ lọ́jọ́ gbogbo. Ní Yúróòpù, níbi tí wọ́n ti ṣe ọ̀pọ̀ ọkọ̀-ilé kí gbogbo ẹrù àti ara rẹ̀ má ju 3,500 kg lọ, ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin lè rí i pé jáàkì ti jẹ àyè omi àti aṣọ wọn tán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ewu rẹ̀, torí ó kan gbogbo irú jáàkì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, táyà ẹ̀yìn ni bíréèkì ọwọ́ ń dì mú. Tí jáàkì bá gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, kò sí bíréèkì mọ́. Gbogbo ilé yín wà lórí irin tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin, tí ọkọ̀ bá sì dà sí iwájú díẹ̀, ó lè já. Táyà ẹ̀yìn kò gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀ rárá. Tí ẹ bá rí i pé ó fẹ́ gbéra, ẹ dá ọkọ̀ padà sílẹ̀, ẹ tẹ́ pákó sábẹ́ táyà náà, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì ni kí ẹ máa lò pọ̀, iwájú méjèèjì tàbí apá kan méjèèjì, torí gbígbé igun kan ṣoṣo máa ń lọ́ ṣáásì débi pé ó lè la gíláàsì iwájú ọkọ̀ ńlá. Kí ẹnikẹ́ni má sì wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Bí ọkọ̀ bá ní yàrá tó ń yọ síta, ọkọ̀ á kọ́kọ́ dọ́gba kí wọ́n tó yọ ọ́, àyàfi tí ìwé rẹ̀ bá sọ ohun mìíì.

Sípíríǹgì aláfẹ́fẹ́ náà wà, tó lè tú afẹ́fẹ́ apá kan kí ọkọ̀ rẹlẹ̀ níbẹ̀, àti àpò aláfẹ́fẹ́ tí wọ́n ń wa táyà lé kí wọ́n tó fọn ún. Méjèèjì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tí afẹ́fẹ́ bá ń jò díẹ̀, oorun tí ẹ sùn ní dídọ́gba, ní fífì lẹ ó jí sí i.

Ẹ má gbàgbé láti wo lẹ́fẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tí gbogbo yín bá ti wọlé tí àwọn ọmọ sì ti dùbúlẹ̀ síbi tí wọ́n fẹ́ sùn. Sípíríǹgì máa ń tẹ̀ bí ẹrù bá sún. Lórí ilẹ̀ tí òjò ti rin, táyà àti ráńpù máa ń wọlẹ̀ díẹ̀ díẹ̀ lóru. Pákó fífẹ̀ lábẹ́ wọn ló ń dá ìyẹn dúró. Tí òjò bá sì ń bọ̀, n kì í fẹ́ kí òrùlé dọ́gba pátápátá. Ìdajì dígírì kan tó dà sí ẹ̀yìn tàbí sí ẹ̀gbẹ́ kò ní kó bá fíríìjì, òjò kò sì ní dá rogún yí fèrèsé òrùlé ká.

Ohun kan ṣì wà tí ẹ ò béèrè. Ní ibi tí wọ́n ti gbà kí ọkọ̀-ilé páàkì ṣùgbọ́n tí wọn kò gbà kí ó pàgọ́, ohun tó bá kan ilẹ̀ lè di ẹjọ́. Ní Ítálì, abala 185 nínú òfin ìrìnnà ọdún 1992 sọ pé ọkọ̀-ilé tó páàkì kò pàgọ́ bí ó bá jẹ́ pé táyà rẹ̀ nìkan ló kan ilẹ̀, tí kò da ìdọ̀tí omi jáde, tí kò sì gba àyè ju ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ jáàkì tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ ti sọ yín di ẹni tó pàgọ́. Orí ráńpù ni àríyànjiyàn wà. Nírú ibẹ̀, sítíárìn àti ojú yín nìkan lẹ ní láti lò, nítorí náà ẹ tètè dé kí ibi tó tẹ́jú má bàa tán.

Láàárọ̀, kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, ẹ yí gbogbo ẹsẹ̀ irin sókè, ẹ ti fèrèsé òrùlé, ẹ yọ wẹ́ẹ̀jì kẹ́yìn. Ojú ọ̀nà tí ẹ gbà gun ráńpù ni kí ẹ gbà sọ̀ kalẹ̀, ẹ má wà á kọjá lórí rẹ̀, torí ẹ̀yìn rẹ̀ dúró bí ògiri, ó sì lè ha abẹ́ ọkọ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí wọn, kí ẹnì kan bọ́ sílẹ̀ lọ kó àwọn ráńpù náà, kí ó fọ ẹrẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn kúrò, ẹrẹ̀ gbígbẹ ló máa ń mú wọn yọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kejì.